Ààlè Tí Ọkọ Mi So Mọ́ Igi Kajú

Ẹni tó bá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kó tètè rín in tán kí n tó bẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo fẹ́ sọ yìí, ojú mi méjèèjì ló rí i, ní ọ̀sán gangan. Oorun kò kùn mí, ebi kò sì pa mí. Mo ti jẹ iṣu kí n tó kúrò nílé. Orúkọ mi nìkan ni mi ò ní sọ, torí àwọn ọmọ mi níṣẹ́ lọ́wọ́ níbi tí wọ́n wà, mi ò fẹ́ kí àwọn èèyàn máa nawọ́ sí wọn.

Kabba ni mo ń gbé. Oko wa wà lójú ọ̀nà Ekinrin-Adde, ibi tí ọ̀kadà á já ọ sílẹ̀, tí wàá wá fẹsẹ̀ rìn wọ inú. Oko kajú ni. Bàbá Ṣẹ́gun, ọkọ mi, ló gbìn ín.

Nígbà tí kajú di ohun tí gbogbo ayé ń wá kiri, tí àwọn olè ń lọ ṣa á kí ilẹ̀ tó mọ́, inú bí i, ó so ààlè mọ́ igi àárín oko. Ẹ mọ ààlè tí gbogbo èèyàn ń so: àkísà pupa, ìkarahun ìgbín, bàtà tó ti gbó. Ìyẹn kàn ń kìlọ̀ fún olè ni. Ti Bàbá Ṣẹ́gun ju ìyẹn lọ. Ó di nǹkan sínú ewé, ó sì fi ẹnu sí i. Mo rí i tí ètè rẹ̀ ń mì, mi ò gbọ́ ohun tó sọ.

Mo bi í pé, "Bàbá Ṣẹ́gun, ṣé kì í ṣe ohun burúkú lẹ ń ṣe yìí?"

Ó wò mí. "Èyí tí mo fi fa oró ejò jáde lẹ́sẹ̀ Ṣẹ́gun, ṣé o bi mí bóyá ó burú?"

Òótọ́ ló sọ. Ọwọ́ kan náà, ẹnu kan náà, ewé inú igbó kan náà. Pásítọ̀ wa ní iṣẹ́ sátánì ni gbogbo rẹ̀. Àwọn baba wa kò pè é bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní oògùn ni, ibi tí èèyàn bá rán an ló ń lọ.

Bàbá Ṣẹ́gun wá kú. Àìsàn náà kò pẹ́ rárá. Kò sẹ́ni tó rántí ààlè.

Ilé dákẹ́. Àwọn ọmọ padà sí Àbújá. Ẹ gbà mí gbọ́, mo máa ń gbé ìkòkò kalẹ̀ gbàgà nígbà mìíràn, kí n ṣáà lè gbọ́ nǹkan. Ẹnì kan ṣoṣo tó ń wọlé tọ̀ mí ni Ìyá Ráfíù, opó bíi tèmi, ilé rẹ̀ kò jìnnà. Tó bá ti kírun ìrọ̀lẹ́ tán, màá gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, tó ń kí mi bí a ṣe ń kí ara wa ní Kabba.

"Òkun o, Ìyá Ṣẹ́gun. O ò tíì kú?"

"Òkun. Ìwọ ni mò ń dúró dè, ká lè jọ lọ."

Láti ìgbà tí Bàbá Ṣẹ́gun ti wà láyé ni Ìyá Ráfíù ti ń bá mi ṣa kajú. Ọkọ mi fúnra rẹ̀ ló fún un láyè. Ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá yìí a tún jọ lọ. Kò pẹ́ sí i ni ẹsẹ̀ Ìyá Ráfíù wú, láti ọrùn ẹsẹ̀ títí dé orúnkún, ó le bí igi. Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ nílé ìwòsàn, kò lọ. Àwọn ará àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í sọ pé ààlè òkú ló mú un. Ráfíù, ọmọ rẹ̀, wá láti Lọ́kọ́jà. Ó kí mi, ṣùgbọ́n kò wo ojú mi.

Mo lọ jókòó ti Ìyá Ráfíù lórí ẹní.

"Ọkọ rẹ kú tán, ó ṣì ń ṣọ́ kajú," ló sọ. "Ahun ni." A jọ rẹ́rìn-ín. Ó wá di ọwọ́ mi mú, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ráfíù fẹ́ gbé mi lọ. Tí mo bá fi lè lọ, kò ní jẹ́ kí n padà. Bá mi bẹ ọkọ rẹ, Ìyá Ṣẹ́gun. Kó tú mi sílẹ̀."

Ní ọjọ́ kejì mo gba oko lọ, èmi nìkan. Ọlọ́kadà ní, "Màmá, ṣé kí n dúró?" Mo ní kó máa lọ.

Èso kajú ti bọ́ sílẹ̀ kún abẹ́ igi, wọ́n ń jẹrà. Ẹyẹ kò ké. Kòkòrò kò dún. Ẹ gbọ́ mi, oko kì í dákẹ́ báyẹn.

Mo wá gbọ́ ikọ́. Ikọ́ kúkúrú, lẹ́yìn náà ó ha ọ̀fun. Mo ti sùn ti ikọ́ yẹn láti ìgbà tí mo ti jẹ́ ìyàwó.

Ó jókòó sídìí igi tí ààlè wà, ó kẹ́yìn sí mi. Ẹ̀wù oko rẹ̀ ló wọ̀, èyí tí mo fọwọ́ ara mi rán lẹ́yìn níbi tó ti ya. Ẹ̀wù yẹn, mo ti fi tọrẹ lẹ́yìn ìsìnkú.

"Ta nìyẹn?" Jẹ́jẹ́ ló sọ ọ́, bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jí.

"Èmi ni."

"Èmi wo?"

Ìyẹn dùn mí ju bí ẹ̀rù ṣe bà mí lọ. "Ìyá Ṣẹ́gun ni. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tú ààlè yìí. Ìyá Ráfíù ló mú."

"Olè ni mo so ó fún. Nígbà tí mo wà, mo máa ń sọ fún un pé ẹni báyìí, tiwa ni. Ta ni yóò máa sọ fún un báyìí?"

"Ẹ̀yin ni. Ẹ sọ ọ́."

"Mi ò lẹ́nu mọ́."

Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó yíjú sí mi. Kò yí i. Ó kàn rọra bi mí pé, "Ṣé òun nìkan ló ṣa á?"

Ẹ ó rò pé mo sá. Mi ò sá. Kí n má purọ́ fún yín, ó ń ṣe mí bíi kí n jókòó tì í, bóyá á bi mí ohun tí mo sè. Ṣùgbọ́n Ìyá Ráfíù wà lórí ẹní. Mo yí igi ká, mi ò wo ojú rẹ̀, mo na ọwọ́ ọ̀tún, mo tú u. Mo sọ fún ààlè náà pé, "Tó bá jẹ́ ọwọ́ tó ṣa kajú lò ń wá, ọwọ́ mi nìyí. Fi Ìyá Ráfíù sílẹ̀."

Nígbà tí mo wolẹ̀, kò sẹ́nì kan níbẹ̀. Ewé gbígbẹ tó jókòó lé kò tilẹ̀ tẹ̀. Mo gbẹ́lẹ̀, mo bo ààlè náà mọ́lẹ̀.

Mo dé ilé Ìyá Ráfíù, wọ́n ti gbé e lọ. Wọ́n ti ká ẹní.

Láti ìgbà náà ni ọwọ́ ọ̀tún mi kò ti mọ ooru mọ́. Mo lè gbé ìkòkò kúrò lórí iná kí n má mọ̀ ọ́n lára. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni, títí kan àwọn ọmọ mi.

Ìyá Ráfíù wá pè mí lórí fóònù láti Lọ́kọ́jà, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bíi ti ẹni tó sá pamọ́.

"Ìyá Ṣẹ́gun, ẹsẹ̀ ti rọlẹ̀. Dókítà ní abẹ́rẹ́ tí wọ́n gún mi níbí ni."

"A dúpẹ́. Ìgbà wo lò ń bọ̀?"

Ó ní, "Ọwọ́ ọ̀tún rẹ ńkọ́?"

"Ta ló sọ fún ọ?"

"Ọkọ rẹ ni. Ó wá bẹ̀ mí wò níbí lánàá. Kò yà sọ́dọ̀ rẹ ni?"

Fóònù já. Láti ìgbà náà, tí mo bá pè é, kì í wọlé.

Bóyá oògùn dára, bóyá ó burú, mo ti rò ó títí, mi ò rí ìdí rẹ̀. Mo ṣáà mọ̀ pé ó máa ń wà síbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹni tó ṣe é bá ti kú, láìsí ẹni tí yóò bá a sọ̀rọ̀. Ẹ̀yin tí ọkọ yín tàbí baba yín bá so nǹkan síbì kan, ẹ ní kó tú u fúnra rẹ̀, lónìí tó ṣì lè fọhùn. Tí ẹ bá sì wọ oko tí ẹyẹ kò ké, ẹ má fọwọ́ kan nǹkan kan níbẹ̀, ẹ yí padà.