Òpó Tí Kò Gbé Nǹkan Kan

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ kàwé, ẹ gbọ́ ti Bùkárì bíríkìlà, ará Òmù-Àrán, kẹ́ ẹ tó tún fojú di oníṣẹ́ ọwọ́.

Nígbà tí owó epo ń ṣàn, bó ṣe ń parí ilé kan ni wọ́n ń pè é sí òmíràn. Àwọn ọmọ ìlú tó wà l'Ékòó ń kọ́lé sílé, ilé tí wọn ò ní sùn nínú ẹ̀ ju ọjọ́ mẹ́ta lọ lọ́dún! Alhaji Salaudeen kọ́ tiẹ̀ sí Òkè-Onígbìn. Wọ́n ti da dẹ́kìn, kọnkéré orí ilé, ó ti gbẹ, wọ́n ti yọ pákó abẹ́ ẹ̀, kí ẹnjiníà tó ní kí Bùkárì mọ òpó ńláńlá mẹ́rin síwájú ilé, kí inú wọn ṣófo.

"Ọ̀gá, kí ni òpó yìí fẹ́ẹ́ gbé?"

"Ta ló bi ọ́? Ìwé mélòó lo kà?"

Wọ́n lé e níbi iṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọdún mẹ́jọ kọjá, owó epo gbẹ, iṣẹ́ ò sí mọ́, ọ̀rọ̀ yẹn ṣì ń ta á lára.

Ní 1985, ilé-ìwé Suliat ọmọ ẹ̀ mú un pé kó lọ díje l'Ájàṣẹ́-Ìpo. Ìdíje lórí ilé kíkọ́ ni: èyí tí wọ́n ń pè ní mọ́dàn, àti pósìtì-mọ́dàn tó tẹ̀ lé e. Ẹni tó bá ṣe ipò kìíní, wọ́n á rán an níwèé títí yóò fi jáde. Bí Suliat ò bá sì ṣe é, kò sí bí bàbá ẹ̀ ṣe fẹ́ẹ́ rán an padà sílé-ìwé.

Tíṣà Awóyẹmí tó ń kọ́ ọ fún un ní nóòtì. Ohun tó kọ síbẹ̀ nìyí: Mọ́dàn ni kọnkéré àti gíláàsì, kò sí ọ̀ṣọ́, ohun gbogbo ló níṣẹ́. Pósìtì-mọ́dàn dá òpó àtijọ́ padà, kó lè gbé òrùlé.

"Irọ́ ni!" Bùkárì fò sókè nígbà tí Suliat kà á fún un. Ó mú ọmọ lọ sí Òkè-Onígbìn, ó ní kó fọwọ́ lu òpó iwájú ilé Alhaji. Ó ń dún kó-kó-kó.

"Ṣó o gbọ́? Bí wọ́n bá wó o, ilé ò ní mira. Fáàrí ni."

"Bàbá, tiyín ni kí n sọ ni, àbí ti Tíṣà?"

"Ohun tó o fọwọ́ lù ni kó o sọ."

Lọ́jọ́ ìdíje, Ìyáàfin Rhoda, adájọ́ tó jẹ́ ayàwòrán ilé, gbé fọ́tò ilé pósìtì-mọ́dàn kan sókè. "Òpó iwájú yìí, iṣẹ́ wo ló ń ṣe?"

"Ó ń gbé òrùlé," ni akẹ́kọ̀ọ́ ilé-ìwé kejì wí.

"Kò ṣe nǹkan kan, mà," ni Suliat wí.

Gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà di orí mú. Lẹ́yìn, níbi tí Bùkárì jókòó sí, ó ń bi ara ẹ̀ léèrè. Ṣé torí ìjà òun àti ẹnjiníà lòun ṣe ba tọmọ jẹ́?

"Kí ló dé tó o fi sọ bẹ́ẹ̀?" ni adájọ́ bi Suliat.

"Mo ti fọwọ́ lu irú ẹ̀, mà. Dẹ́kìn ti dúró kí òpó tó dé. Onílé kàn fẹ́ kó jọ ààfin ni."

Adájọ́ rẹ́rìn-ín. "Òun gan-an nìyẹn. Ọ̀ṣọ́ lásán ni pósìtì-mọ́dàn fi òpó ṣe. Kò sẹ́lòmíì tó mọ̀ ọ́n."

Suliat ló ṣe ipò kìíní. Níta, Tíṣà sáré wá bọ Bùkárì lọ́wọ́. "Bàbá Suliat, nóòtì mi ṣiṣẹ́ o!"

Lọ́jọ́ mìíràn, ì bá gbọ́ ti ẹnu Bùkárì. "Ó ṣiṣẹ́ gan-an, Tíṣà," ló wí. Suliat rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Kí ọkọ̀ tó kúrò n'Ájàṣẹ́, Bùkárì ti sùn lọ. Ó tó oṣù méjì tí àníyàn owó ilé-ìwé ò ti jẹ́ kó sùn bẹ́ẹ̀.