Aṣọ Pupa Méjì ní Etí Òkun Bátṣébà

"Ẹ̀yin ọmọ, ṣé etí yín wà nílé?"

"Ó wà nílé, Ìyá àgbà, ó ti ṣílẹ̀kùn."

Ó dáa. Ìtàn mi gbéra gìrì, ó bà lé orí Eudora, ìyàwó Darnley apẹja.

Ní abúlé apẹja Bátṣébà wa yìí, òkun kì í rìn, eré ló máa ń sá. Àpáta ńláńlá tò sétí omi bí eyín arúgbó, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún. Àárín àpáta méjì péré ni ọkọ̀ apẹja ń gbà wọlé, ibẹ̀ kò sì fẹ̀ ju yàrá kan lọ. Ẹni tó ń tukọ̀ bọ̀ kò lè máa wo ìgbì ẹ̀yìn rẹ̀, ìdí nìyẹn tí obìnrin kan fi ń dúró lórí àpáta gíga bá a kà á. Bí ìgbì ńlá mẹ́ta bá ti kọjá, yóò gbé aṣọ pupa sókè: ó yá, máa bọ̀. Bí kò bá sí aṣọ pupa, dúró síbẹ̀. Ọdún mọ́kànlélógún ni Eudora ti ń gbé aṣọ náà, kò ṣì í gbé rí.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, afẹ́fẹ́ yí padà. Gbogbo ọkọ̀ sá wọlé, ó ku ti Darnley nìkan lẹ́yìn àpáta. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi pákó gun ìgbì pàápàá ti gbé pákó wọn jókòó sórí iyanrìn.

Winstone, àbúrò Darnley, ń tún àwọ̀n ṣe nísàlẹ̀ àpáta tí Eudora dúró lé.

"Ìyàwó mi, ẹ̀gbọ́n mi ń ṣe yànga o. Ó fẹ́ kí gbogbo ayé wo òun."

"Dákẹ́ jàre, ọkọ mi kékeré. Ìwọ tó o sá wọlé bí adìẹ tójò ń lé."

"Adìẹ tó bá sá ló ń yé ẹyin lọ́la."

Eudora kò rẹ́rìn-ín. Ó ń kà. Ọ̀kan ti kọjá. Èkejì ti kọjá.

Àṣé ọmọbìnrin kan tó wá ṣèbẹ̀wò láti ìlú ńlá ti gun àpáta kejì, kí àfẹ́sọ́nà rẹ̀ lè ya fọ́tò rẹ̀. Ìborùn rẹ̀ pupa fòò. Afẹ́fẹ́ gbá a mú, ó tẹ́ ẹ sókè orí rẹ̀, ọmọbìnrin náà sì na ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó ń rẹ́rìn-ín.

Darnley rí pupa. Ó kọ imú ọkọ̀ sí ọ̀nà.

Lẹ́yìn ọkọ̀ náà, ìgbì kẹta dìde bí ògiri ilé. Eudora kígbe, afẹ́fẹ́ gbé ohùn rẹ̀ mì. Winstone ju àwọ̀n nù, ó ń sáré, ó ń juwọ́ sí ọmọbìnrin náà. Ìyẹn rò pé ó ń kí òun ni, ó tún gbé aṣọ náà ga sí i.

Nígbà náà ni Eudora ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kì í ṣe níbí. Ó ki aṣọ tirẹ̀ bọ àyà, ó kẹ̀yìn sókun. A kì í kẹ̀yìn sókun nígbà tí ọkọ̀ ṣì wà lójú omi. Òkú tómi gbé lọ nìkan là ń kẹ̀yìn sí. Kò rí ọkọ̀ mọ́, kò rí ìgbì. Àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan ló ń gbọ́ bí àpáta ṣe ń gbọ̀n.

"Bó bá rí mi, á mọ̀," ló ń sọ nínú ara rẹ̀. "Bó bá jẹ́ aṣọ ọmọ yẹn nìkan ló ń wò, mo ti dopó."

Ìgbì náà dé. Ó gbá a lẹ́yìn ọrùn, ó mú un kúnlẹ̀ tipátipá. Ó fi èékánná di àpáta mú títí omi fi fà sẹ́yìn, ó wá yíjú padà.

Ọkọ̀ wà lókèèrè. Imú rẹ̀ kọjú sójú agbami, ó ń léfòó bí igbá.

Winstone ti dé ọ̀dọ̀ ọmọbìnrin náà, ó jókòó lé ìborùn lórí. Eudora tún kà á láti ìbẹ̀rẹ̀, ọ̀kan, èjì, ẹ̀ta. Ó fi ọwọ́ tí àpáta ti bó gbé aṣọ sókè, tẹ̀jẹ̀tẹ̀jẹ̀. Darnley wọlé bí ọfà.

Nígbà tó sọ̀kalẹ̀, ó di apá ìyàwó rẹ̀ mú. "Eudora, kí ni mo ṣe? O kẹ̀yìn sí mi lójú gbogbo ayé."

"Ṣó o rí mi?"

"Mo rí ọ. Mo ní bóyá mo ti kú, ni mo bá yíjú padà kí n wo ohun tó pa mí."

Ọmọbìnrin àlejò náà kúnlẹ̀, ó ń sunkún. "Ẹ má bínú, mà. Mi ò mọ̀ ni."

"O ò mọ̀ lóòótọ́," ni Eudora wí. "Dìde. Àwa ni kò ní ẹni tó ń sọ fún àlejò."

Láti ọjọ́ náà lẹni méjì ti ń dúró: ẹni tó ń ka ìgbì, àti Winstone tó ń lé aláṣọ pupa kúrò lórí àpáta, tí àwọn tó ń lé náà sì ń bú u.

Ó tó bẹ́ẹ̀. Ẹ lọ fọ iyanrìn ẹsẹ̀ yín, ẹ wọlé lọ sùn. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó gbé e sábẹ́ ìrọ̀rí.