Àáró Ẹni Tí Wọ́n Ń Sanwó Àìsàn Fún

Dókítà tó ṣiṣẹ́ abẹ ìpá fún mi kì mí nílọ̀ gidi: n kò gbọdọ̀ gbé ohun wúwo, n kò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà, n kò sì gbọdọ̀ rẹ́rìn-ín kèékèé títí ojú ọgbẹ́ náà yóò fi jiná. Ti ẹrù àti ti ọ̀kadà rọrùn. Ti ẹ̀rín yìí ni Ọlọ́run fi dán mi wò. Ẹ̀rín kì í wọ́n mi lẹ́nu; láti kékeré ni wọ́n ti máa ń lé mi jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì nítorí pé mo rí ìyá àgbà kan tó ń sùn bí ìwàásù ṣe ń lọ lọ́wọ́. Ìyàwó mi bá gbé ìrọ̀rí kan fún mi, ó ní kí n máa dì í mọ́ ikùn nígbàkigbà tí ẹ̀rín bá ń bọ̀. Ìrọ̀rí náà rí èèmọ̀ lọ́wọ́ mi.

Iṣẹ́ ló fa ìpá ọ̀hún. Èmi ni mo ń tọ́jú sítọ́ọ̀ oúnjẹ adìyẹ ní oko adìyẹ kan tó wà létí títì, kí èèyàn tó dé Ìrókò. Bí mọ́tò bá kó àpò oúnjẹ dé, tí àwọn alágbàṣe kò bá pé, èmi náà á fi ẹ̀yìn gbà á. Obìnrin opó kan ló ni oko náà, Mọ́mì ni gbogbo wa sì ń pè wọ́n. Mọ́mì kì í rẹ́rìn-ín, wọn kì í sì í gbàgbé nǹkan. Bí ẹyin bá fọ́ lánàá, wọ́n ti mọ̀ lónìí, wọ́n sì mọ ẹni tó fọ́ ọ. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n wá wò mí ní ọsibítù, tí wọ́n ní àwọn á máa san owó oṣù mi lọ títí dókítà yóò fi ní kí n padà sẹ́nu iṣẹ́, mo rò pé oògùn oorun ni kò tíì dá lójú mi. Irú rẹ̀ kò ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni rí lọ́dọ̀ wa. Ọ̀rọ̀ kan péré ni wọ́n fi kún un. Wọ́n ní kí n sinmi. Bí àwọn bá gbọ́ pé mo ṣiṣẹ́ kankan níbikíbi, owó dúró nìyẹn, kí n má sì wulẹ̀ padà wá. Mo dúpẹ́ dúpẹ́, inú mi dùn débi pé mo fẹ́ já òwú tí wọ́n fi rán mi.

Ìgbà tí mo délé ni mo rántí àáró. Àwa ọkùnrin kan wà ní abúlé wa tí a máa ń pawọ́ pọ̀ ro oko ara wa. Ní Sátidé yìí, oko ẹnì kan ni gbogbo wa á gbé ọkọ́ lọ. Bó bá di Sátidé mìíràn, ó kan ẹlòmíràn, títí yóò fi kárí. Kò sí owó níbẹ̀. Bàbá mi wà nínú rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì kú, èmi ni mo bọ́ sípò wọn. Lọ́dún yẹn, mo ti dé oko gbogbo wọn, tèmi ló kù sẹ́yìn. Èèbù iṣu mi wà ní kọ̀rọ̀ ilé, wọ́n ti ń hù, òjò sì ti ń ṣú. Bí a kò bá tètè kọ ebè, iṣu ọdún kan gbáko ti jóná nìyẹn, iṣu yẹn la sì ń jẹ, òun náà la sì ń tà fi ránmọ níléèwé.

Àṣà àáró wa ni pé bí ẹnì kan bá ṣàìsàn, wọ́n á ṣì bá a ro oko tirẹ̀. Kò sí ẹni tó jiyàn lé e lórí rí. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo wa, èmi nìkan ni mo ń gba owó oṣù, kò sì tíì sẹ́ni tí wọ́n ń sanwó fún lórí bẹ́ẹ̀dì.

Wọ́n wá kí mi ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n jókòó yí mi ká. Ẹ̀gbọ́n mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ló kọ́kọ́ dá a sílẹ̀, ẹ̀kọ àti mọ́ínmọ́ín ìyàwó mi sì wà lẹ́nu rẹ̀ bó ṣe ń sọ ọ́. Ó ní àìsàn tí àáró mọ̀ ni èyí tó ń gbé ọkọ́ kọ́, tó sì ń gbé ìkòkò ọbẹ̀ kọ́ pẹ̀lú. "Ṣùgbọ́n èyí ń sùn, owó ń wọlé. Àìsàn wo nìyẹn? Ìsinmi ni. Kó fi owó rẹ̀ gba alágbàṣe."

Mo ní kí n fèsì, ọ̀kan nínú wọn ti gbà á lẹ́nu mi. Ó ní tí ó bá jẹ́ pé àìsàn ni wọ́n ń sanwó rẹ̀ fún mi, a jẹ́ pé àìsàn niṣẹ́ mi báyìí. Bí àáró bá sì máa ràn mí lọ́wọ́, àfi kí wọ́n bá mi ṣàìsàn náà, kí olúkúlùkù gba ọjọ́ kan. Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í pín in. Ẹnì kan ní òun á gba ọjọ́ Àìkú kí òun lè sá fún ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n mi ní bí mọ́ínmọ́ín bá máa bá a wá, òun lè gba ọ̀sẹ̀ kan odindi. Mo ti ìrọ̀rí bọ ẹnu, omi ń bọ́ lójú mi, mo ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n máa lọ ilé wọn.

Olórí àáró wa, bàbá àgbà kan tí ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ lẹ́nu wọn, jẹ́ kí ariwo náà rọlẹ̀. Wọ́n ní òjò kò ní dúró de àríyànjiyàn, kí a pàdé lóko ní Sátidé, ohun tó bá kù nínú ọ̀rọ̀ náà, a ó parí rẹ̀ lórí ebè. Ẹ̀gbọ́n mi ní òun á wá, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí fún ọkọ́ òun.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, ẹ̀rù ba ìyàwó mi. Ó bi mí pé bí Mọ́mì bá rí ebè tuntun lóko mi, ta ni yóò sọ fún wọn pé èmi kọ́ ni mo kọ ọ́. Bí mo bá ní kí àáró má wá, èèbù mi á rà. Bí wọ́n bá wá, iṣẹ́ mi lè lọ.

Wọ́n ní kí n jókòó sílé ní Sátidé yẹn. Àgbẹ̀ wo ni yóò jókòó sílé nígbà tí wọ́n ń kọ ebè rẹ̀? Mo rọra ń wọ́ lọ. Ọ̀nà náà gòkè díẹ̀, mo nílò ọ̀pá, ọkọ́ mi ló sì wà lẹ́nu ọ̀nà. Mo fi ọkọ́ tilẹ̀. Ibi tí mo ti yọ sétí títì ni dírẹ́bà tó ń kó ẹyin fún Mọ́mì ti rí mi. Ó fọn fèrè mọ́tò, ó juwọ́ sí mi. Mo juwọ́ padà sí i tayọ̀tayọ̀, ọkọ́ ọ̀hún sì ni mo fi jù ú. Ó ti lọ tán kí n tó mọ ohun tí mo ṣe.

Dírẹ́bà ti lọ ròyìn; oòrùn kò tíì mú tí mọ́tò Mọ́mì fi dúró létí oko mi. Àwọn àáró ń kọ ebè lọ, èmi wà lórí àga tí wọ́n gbé wá fún mi lábẹ́ mángòrò, ìrọ̀rí lórí ikùn, ọkọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí ẹ̀rí ọ̀daràn. Mọ́mì kò kí ẹnikẹ́ni. Wọ́n bi mí bóyá ìsinmi tí àwọn wí nìyí. Wọ́n tún bi mí pé, bí mo bá lówó tí mo fi gba gbogbo alágbàṣe yìí, kí ni àwọn ń sanwó fún mi fún.

Ẹ̀gbọ́n mi gbójú sókè láàárín poro. Ó ní, "Ohun tí èmi náà ń sọ nìyẹn, Mọ́mì." Inú rẹ̀ dùn púpọ̀ pé òun rí ẹni tí orí àwọn jọ pé. Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín.

Olórí wa gbé ọkọ́ wọn sílẹ̀, wọ́n sì kí Mọ́mì dáadáa. "Kò sí alágbàṣe níbí," ni wọ́n wí. "A kò sì wá ṣàánú rẹ̀. Ó ti ro oko gbogbo wa, ọjọ́ tirẹ̀ la wá san. Bó ṣàìsàn o, bó lówó o, ọjọ́ tirẹ̀ ni."

Ẹ̀gbọ́n mi gbọ́ èyí. Oko tirẹ̀ ni mo kọ́kọ́ lọ lọ́dún náà, ó sì mọ̀. Ó tutọ́ sí àtẹ́lẹwọ́, ó padà sórí ebè.

Mọ́mì béèrè pé bí mi ò bá tètè gbádùn ńkọ́. Olórí wa ní àwọn á tún wá lọ́dún tó ń bọ̀. Mọ́mì ní ó dáa, owó oṣù mi kò dúró. Ọkàn mi balẹ̀ wọ̀ọ̀, mo rò pé wọ́n á máa lọ. Wọn kò lọ.

"Mo sùn sí ọsibítù lọ́dún tó kọjá," ni wọ́n wí. "Èmi fúnra mi ni mo wa mọ́tò gbé ara mi lọ. Ẹ ò gbọ́, àbí?"

Kò sẹ́ni tó gbọ́. Àwa tí a wà nínú oko adìyẹ gan-an, ohun tí wọ́n sọ fún wa ni pé wọ́n rìnrìn-àjò.

Mọ́mì béèrè lọ́wọ́ olórí wa bóyá ààyè wà nínú àáró náà. Bàbá ní àáró kò ní ìlẹ̀kùn, ọkọ́ ló ní. Ni Mọ́mì bá bọ́ bàtà, wọ́n mú ọkọ́ mi, wọ́n bọ́ sínú poro. Ebè tí wọ́n kọ rí wọ́gọwọ̀gọ. Mo retí kí ẹ̀gbọ́n mi fi wọ́n ṣẹ̀sín. Kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ó fi ẹ̀yìn ọkọ́ tirẹ̀ gbá a yíká títí ó fi dúró, ó ní a ó kà á mọ́ iṣẹ́.

"Ọjọ́ wo lẹ wá fẹ́ ká wá, Mọ́mì?" ni ẹ̀gbọ́n mi bi wọ́n.

"Kí ẹ wá ṣe kí ni?"

"Ohunkóhun tó bá wà nílẹ̀. À báà kó ìgbẹ́ adìyẹ."

Mọ́mì dúró, erùpẹ̀ wà lọ́wọ́ wọn, wọn ò sì gbọ̀n ọ́n. Wọ́n ní kí a jẹ́ kí àwọn rò ó, nítorí kò sẹ́ni tó bi àwọn bẹ́ẹ̀ rí. Wọ́n lọ jókòó sínú mọ́tò, wọ́n ṣí ìlẹ̀kùn sílẹ̀, ẹsẹ̀ wọn lásán wà nílẹ̀ẹ́lẹ̀, wọ́n sì wà níbẹ̀ títí a fi kọ ebè tán.