Túùbù Tí N Kò Yí

Lẹ́tà ọ̀jọ̀gbọ́n òyìnbó náà kò gùn. Ó ní bí mo bá fẹ́ àyè ní ilé ìwádìí òun, kí n fi iṣẹ́ kan tí mo fọwọ́ ara mi ṣe ránṣẹ́. Ẹ́ksíréè ni wọ́n ń wò níbẹ̀, irú èyí tí ọsibítù fi ń wo eegun, ṣùgbọ́n inú gáàsì gbígbóná janjan ni tiwọn ti ń jáde. Wọ́n fẹ́ mọ apá ibi tí ìtànṣán náà ń mì sí, kí àwọn tó ń wo ìràwọ̀ lè fi í túmọ̀ ohun tí wọ́n ń rí lókè. Mo fẹ́ àyè yẹn débi pé mò ń lá a lálàá.

Olùkọ́ físíìsì ni mí ní Ìlárá Rẹ́mọ ní àwọn ọdún 1990 wọ̀nyẹn. Ẹ́ksíréè wo ni a fẹ́ rí? Túùbù gáàsì kan la ní, tó máa ń pọ́n yòò bí iná bá wọ̀ ọ́. Nítorí pé tábìlì wa kéré, mo gbé dígí kan dàgẹ̀rẹ̀ síwájú rẹ̀ kí ìmọ́lẹ̀ lè ta sórí mítà tí àwọn ayàwòrán fi ń wọn ìmọ́lẹ̀, èyí tí mo yá. Mo fi awọ dúdú tí mo ṣí lójú kakulétọ̀ tó ti kú bo mítà náà; ìmọ́lẹ̀ tó bá ń mì sí apá kan ṣoṣo ni irú awọ yẹn máa ń jẹ́ kó kọjá. Bí mo ṣe ń yí awọ yìí, mítà ń lọ sókè, ó ń wá sílẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ náà ń mì sí apá kan! Mo sáré kọ ọ́ sínú lẹ́tà, mo lẹ̀ ẹ́ pa. Ọjọ́ Jímọ̀ ló gbọ́dọ̀ kúrò nílẹ̀, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, àyè ti bọ́.

Lọ́jọ́bọ̀, èmi àti màmá mi wà ní Ṣàgámù, à ń ṣa obì tó ń lọ sókè Ọya. Mo ju ọ̀kan dànù nítorí pé mo rí dúdú lára rẹ̀. Ó mú un padà.

"Lẹ́sí kọ́ ẹ bẹ́ẹ̀? Yí i. Bí dúdú yẹn bá bá a yí, ti obì ni. Bó bá dúró sójú kan, òjìji apẹ̀rẹ̀ ni."

Mo yí i. Òjìji ni.

Ọwọ́ mi dúró. Mo ti yí awọ títí ọwọ́ fi ń ro mí, ṣùgbọ́n n kò yí túùbù rí. Inú bí mi, mo kanra mọ́ màmá mi bí ẹni pé òun ló kọ lẹ́tà náà.

Ní àárọ̀ Jímọ̀, mo gun ọ̀kadà lọ sílé ẹ̀kọ́. Mo dá túùbù dùbúlẹ̀, mo tún yí awọ. Ibi tí mítà ti ń ga tẹ́lẹ̀ náà ló ṣì ti ń ga. Mo yọ dígí kúrò, mo kọjú mítà sí túùbù gan-an; bí mo ti ń yí awọ tó, mítà kò mì mọ́. Dígí mi ló ń ṣe gbogbo rẹ̀! N kò ní purọ́, mo sunkún. Lẹ́yìn náà mo fa àpò ìwé ya, mo kọ òmíràn pé ohun tí mo rí kì í ṣe ti ìmọ́lẹ̀, ti dígí mi ni, mo ṣàlàyé bí mo ṣe mọ̀, mo sì fi í ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà gan-an. Bí àyè náà yóò bá bọ́, kó bọ́. N kò ní fi obì tí kòkòrò ti jẹ ránṣẹ́ sí ẹnikẹ́ni.

Òjò ti dá kí èsì tó dé. Wọ́n gbà mí. Ọ̀jọ̀gbọ́n ní iṣẹ́ mi àkọ́kọ́ ni kí n máa yí ẹ̀rọ wọn káàkiri gáàsì náà, kí wọ́n lè mọ èyí tó jẹ́ ti ìtànṣán àti èyí tó jẹ́ ti ẹ̀rọ.

Mo túmọ̀ rẹ̀ fún màmá mi.

"Ṣé obì yíyí náà ni wọ́n ní kó o wá ṣe lókè òkun?"

"Òun náà ni, mà."

"Alihamudulilahi." Ó rẹ́rìn-ín, ó mú obì kan, kò yí i. "Ta ni yóò wá máa bá mi yí tibí?"

Mo fa apẹ̀rẹ̀ mọ́ra, a sì jọ ṣa á títí ó fi tán.