Tàdáwà Tó Wà ní Àtàńpàkò Ìyá Ọkọ Mi

Èmi ni mo wẹ òkú ìyá ọkọ mi. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, nítorí àwọn ará Ìsàlẹ̀ Èkó ti sọ ìtàn yìí títí wọ́n fi sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Àwọn kan ní májèlé ni wọ́n fún un jẹ. Àwọn kan ní àwọn ọmọ rẹ̀ fi í ṣe owó ni. Irọ́ ni, ẹ dákun. Mo wà níbẹ̀, ìṣojú mi ló ṣe, ẹnu tèmi ló sì yẹ kẹ́ ẹ ti gbọ́ ọ.

Lásìkò tí mò ń wí yìí, kò tíì pẹ́ tí a fi pọ́n-ùn sílẹ̀ tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà. Ìyá ọkọ mi, tí tọmọdé tàgbà ń pè ní Àlájà, ń ta léèsì ní Ọjà Balógun. Ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ló ní níbẹ̀. Ó kọ́ ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì tí gbogbo wa ń gbé, ó tún ní èyí tó jogún lọ́wọ́ bàbá rẹ̀ ní Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó, níbi tí àbúrò rẹ̀ obìnrin ń gbé pẹ̀lú àwọn ayálégbé. Ọmọ ọkùnrin méjì ló ní láyé. Èyí ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè ní Bọ̀ọ̀dá, torí ìyàwó kì í pe ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ lórúkọ. Èyí àbúrò ni ọkọ mi.

Àlájà ò kàwé òyìnbó, ṣùgbọ́n ilé kéwú tó lọ ní kékeré, ó fi ń yangàn káàkiri. Bó bá dé báǹkì, tí akọ̀wé gbé páàdì tàdáwà síwájú rẹ̀ pé kó tẹ̀ka, á fi ẹ̀yìn ọwọ́ ti páàdì náà padà sí i. Á gba bírò, á kọ orúkọ ara rẹ̀ ní lẹ́tà kéwú, láti ọ̀tún wá sí òsì, á wá sọ fún akọ̀wé náà pé òun kì í ṣe òpè. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Balógun a máa fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí wọ́n bá ní kó sáìn sára garawa omi, kéwú ni yóò kọ sí i. Òun náà á máa rẹ́rìn-ín. Ẹnu rẹ̀ mú, kò mọ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ̀rọ̀ rárá, ó sì máa ń fi ẹnu rẹ̀ jẹ mí níyà bó bá ti wù ú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bímọ tọ́mọ náà kú, ogójì ọjọ́ gbáko ló fi jókòó tì mí, kò yọjú sọ́jà. Mo fẹ́ràn obìnrin yẹn.

Ìgbà tí ìjọba fòfin de léèsì òkèèrè ni wàhálà bẹ̀rẹ̀. Àlájà ní òun yóò máa ta àdìrẹ àti àǹkárá títí ayé á fi rọjú. Bọ̀ọ̀dá ní kò sóhun tó jọ ọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ fàyàwọ́ láti Kùtọnù, ọkọ mi sì tẹ̀ lé e. Ọkọ mi ò lè kọ ohunkóhun fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Bí Bọ̀ọ̀dá bá ní kó fò, ibi tó máa balẹ̀ sí nìkan ni yóò béèrè. Fún ìgbà díẹ̀, ó dà bí ẹni pé orí ń bá wọn ṣe é, àfi lọ́jọ́ tí kọ́sítọ́ọ̀mù gba lọ́rì méjì lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Kí wọ́n má bàa tẹ́, wọ́n lọ ta ilé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó fún ọkùnrin kan láìjẹ́ pé onílé mọ̀; wọ́n gba owó lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ṣèlérí pé Àlájà máa sáìn ìwé ilé náà. Ayálégbé kan níbẹ̀ ló ta Àlájà lólobó. Àlájà ò pariwo. Ó pe àwọn ọmọ rẹ̀ méjèèjì, èmi náà wà níbẹ̀, ó ní lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, òun yóò pe gbogbo ẹbí jọ, òun yóò sọ ohun tí wọ́n ṣe lójú gbogbo ayé.

Ọjọ́ Àlàrùba ọ̀sẹ̀ yẹn ló kú.

Ṣọ́ọ̀bù ni mo wà lọ́sàn-án ọjọ́ náà tí wọ́n wá pè mí. Nígbà tí mo délé, wọ́n ti da aṣọ bò ó lórí bẹ́ẹ̀dì. Bọ̀ọ̀dá ní àyà ló ń dùn ún, pé ó sùn, kò sì jí mọ́. Ọkọ mi jókòó sórí àtẹ̀gùn, kò jẹ́ wọ yàrá tí òkú wà. Mo rò pé ìbànújẹ́ ni. Bọ̀ọ̀dá ti ní kí wọ́n lọ gbẹ́ ilẹ̀, ó ní Mùsùlùmí ni wá, òkú wa kì í sùn sílé. Ta ló fẹ́ bá a jiyàn? Bí a ṣe ń ṣe é náà nìyẹn. Nílé àwọn mìíràn, ẹni tó bá ń kánjú sìnkú, wọ́n á ní kí ló dé. Nílé tiwa, ẹni tí kò bá kánjú ni wọ́n ń bi léèrè.

Wọ́n ránṣẹ́ pe ìyá àgbàlagbà tó máa ń wẹ òkú obìnrin ládùúgbò wa. Ó ní kí ìyàwó ilé kan wá máa bu omi fún òun, ni mo bá tẹ̀ lé e. A ta aṣọ sẹ́nu ọ̀nà. Ó fi aṣọ wé ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ láti apá ọ̀tún bí Ànábì ti kọ́ wa, mò ń da omi sí i díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó kan ọwọ́ òsì, ó dúró. Tàdáwà wà ní àtàńpàkò Àlájà. Tàdáwà páàdì ni, ó dúdú mọ́ búlúù, tuntun ni, ó ṣì ń ràn mọ́ aṣọ tí ìyá náà fi wé ọwọ́. Ó fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ó fi kànìnkànìn ha á. Ó ṣí, ṣùgbọ́n kò tán. Nígbà tó gbé àgbọ̀n òkú náà sókè láti fọ ọrùn, a rí àpá ìka ọwọ́ èèyàn níbẹ̀, ètè rẹ̀ sì ti bẹ́ nínú.

Ìyá náà wò mí títí. Ó wá ní, “Ohun tí ojú bá rí níbi ìwẹ̀ òkú, ibẹ̀ ló ń gbé. Ẹ̀ṣẹ̀ ńlá ni kéèyàn gbé e jáde.”

Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ wa pé ẹni tó bá bo àṣírí òkú, Ọlọ́run á bo tirẹ̀. Mo fi òwú àti kánfọ̀ bo àtàńpàkò náà, a di í nínú aṣọ funfun, wọ́n kírun sí i lára. Kí oòrùn tó wọ̀, Àlájà ti wà nílẹ̀. Tí ẹ bá bi mí bóyá ẹ̀sìn ló pa mí lẹ́nu mọ́ tàbí ìbẹ̀rù, màá ní ẹ̀sìn, ṣùgbọ́n èké ni mo máa ṣe. Ẹ̀rù Bọ̀ọ̀dá ń bà mí. Mi ò fẹ́ mọ ohun tí mo mọ̀.

Lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, ọkùnrin tó ra ilé Ẹ̀pẹ́tẹ̀dó gbé ìwé wá pé kí àwọn tó wà níbẹ̀ kó jáde. Àbúrò Àlájà gba ìwé náà, ó ní kí ọmọ kan kà á fún òun. Ó bojú wo ìsàlẹ̀ rẹ̀, ó rí ìka tí wọ́n tẹ̀ síbẹ̀ dípò kéwú. Wọ́n ní ó kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ló gbé ìbòrùn, ó gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Bọ̀ọ̀dá tó gbọ́n tó bẹ́ẹ̀, tó kàwé òyìnbó débi tó dé, kò lè kọ lẹ́tà kéwú kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ tí Àlájà bá fi pàṣán lé e lọ sílé kéwú, ẹ̀yìn ilé ló máa ń bẹ́ sí. Ìka ìyá rẹ̀ nìkan ló rí lò.

Wọ́n mú un. Wọ́n hú òkú náà, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ nínú iyanrìn, dókítà ò rí ohun gidi kan sọ. Bọ̀ọ̀dá wá sọ ní kóòtù pé ìyá òun ló fúnra rẹ̀ tẹ̀ka síwèé náà ní oṣù mẹ́ta kó tó kú, pé ọwọ́ ló ń dùn ún lọ́jọ́ náà tí kò fi lè kọ kéwú. Oṣù yẹn náà ni wọ́n kọ sórí ìwé. Ẹ rí i pé ó bọ́gbọ́n mu. Kò sẹ́ni tó lè já a nírọ́, àfi ẹni tó rí tàdáwà tútù lọ́wọ́ òkú. Àwa méjì péré ni.

Wọ́n kọ́kọ́ pe ìyá tó ń wẹ òkú. Ó sọ fún adájọ́ pé ohun tóun rí, àárín òun àti Ọlọ́run ni, pé bí wọ́n bá fẹ́, kí wọ́n ti òun mọ́lé. Adájọ́ wo ọjọ́ orí rẹ̀, ó ní kó máa lọ sílé. Ó wá ku èmi.

Ilé wa ti ń dàrú lásìkò yẹn. Ṣọ́ọ̀bù méjì ti lọ, lọ́yà ti gbé wọn mì. Àwọn tó ń kúnlẹ̀ kí wa tẹ́lẹ̀ ti ń gba òdìkejì títì kọjá. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ọkọ mi pè mí wọ yàrá, ó sì dọ̀bálẹ̀ fún mi. Ọkọ mi, lórí ilẹ̀, níwájú èmi ìyàwó rẹ̀! Mo bẹ́ sẹ́yìn.

Ó ní, “Bí o bá sọ ohun tí o rí, wọ́n á yẹgi fún ẹ̀gbọ́n mi.”

Mo fà á dìde, mo ń sunkún. Mo rò pé ìfẹ́ ọmọ ìyá ló ń dà á láàmú. Ọ̀rọ̀ náà ò jẹ́ kí n lè jẹun fún ọjọ́ mélòó kan, mo bá lọ bá ààfáà kan tí kì í wá sílé wa gba sàráà, kó má bàa gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Mo bi í léèrè bóyá màá dẹ́ṣẹ̀. Ó ní àléébù òkú ni wọ́n ní ká bò, ìyà tí wọ́n fi jẹ òkú kì í ṣe àléébù rẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára. Mo rántí ogójì ọjọ́ tí Àlájà fi jókòó tì mí. Mo ní kò burú, màá sọ ọ́, kí Bọ̀ọ̀dá jẹ iyán rẹ̀ níṣu.

Mo ṣe àlùwàlá kí n tó lọ sí kóòtù. Mo fi Kùránì búra, mo sọ ọ́ bó ṣe rí, láti orí àtàńpàkò dórí ọrùn. Lọ́yà Bọ̀ọ̀dá bi mí ìdí tí mo fi dákẹ́ láti ọjọ́ yìí wá. Mo ní bó bá jẹ́ òun ló ń gbé inú ilé náà, òun náà á dákẹ́. Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín, adájọ́ lu tábìlì.

Bọ̀ọ̀dá ló dìde nínú àpótí ẹlẹ́jọ́. Lọ́yà rẹ̀ ń juwọ́ sí i pé kó jókòó, ṣùgbọ́n kò jókòó. Ó ti rí i pé irọ́ tán.

Ó ní, “Èmi ni mo tẹ ìka rẹ̀. Ṣùgbọ́n òkú ni mo bá. Àbúrò mi ló wà lọ́dọ̀ rẹ̀.”

Mo yíjú sí ibi tí ọkọ mi jókòó. Ó ti ṣí fìlà, ó gbé e lé orúnkún. Kò ní irọ́ ni. Kò wo ojú mi. Wọ́n ní ẹni tó bá sọ̀kò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ni yóò bà. Mo ti ń pa òwe yẹn fún ẹlòmíràn láti kékeré, n kò mọ̀ pé èmi gan-an ni mo mú òkò lọ́wọ́.

Ohun tí ọkọ mi sọ fáwọn ọlọ́pàá ni pé Bọ̀ọ̀dá ló rán òun lọ bẹ Àlájà kó sáìn ìwé náà. Àlájà kọ̀. Ó ní òun ò ní dúró de ọjọ́ Jímọ̀ mọ́, ó dìde, ó ń lọ sójú fèrèsé láti ké sí àwọn aládùúgbò. Ọkọ mi ní òun fọwọ́ bò ó lẹ́nu pé kó dákẹ́. Òun fẹ́ kó dákẹ́ ni, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gbà á gbọ́, mo sì bínú sí i títí di òní. Ẹjọ́ náà tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá gba ẹ̀wọ̀n. Wọ́n ní kí wọ́n lọ yẹgi fún ọkọ mi. Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, mo kó ẹrù mi lọ sí yàrá kan ní Mùṣín.

Nígbà tí wọ́n jẹ́ kí n rí ọkọ mi nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n, mo ti múra ọ̀rọ̀ burúkú sílẹ̀ fún un. Ó ti rù, ọrùn rẹ̀ gùn. Kò bẹ̀ mí, kò bá mi wíjọ́ pé mo jẹ́rìí. Ó bi mí bóyá mo wẹ ìyá òun dáadáa. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Mo sọ fún un pé omi náà lọ́ wọ́ọ́rọ́, pé apá ọ̀tún la ti bẹ̀rẹ̀, pé ọ̀nà mẹ́ta la di irun rẹ̀ sí, pé a fi kánfọ̀ sí i lára. Ó sunkún bí ọmọdé.

Ó ní, “Èmi ńkọ́?”

Mo ní, “Èmi ni mo máa wẹ̀ yín. Ìyàwó lè wẹ ọkọ rẹ̀.”

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo gbọ́ pé wọ́n ti ṣe é, mo ra ọṣẹ, mo ra kànìnkànìn àti kánfọ̀ àti aṣọ funfun, mo kó wọn dé ẹnu géètì ọgbà ẹ̀wọ̀n. Wọ́dà tó wà níbẹ̀ gbà mí láyè kí n jókòó, ó fún mi lómi mu. Ó ní kí n má bínú, pé àwọn ti sin ín.