Ilẹ̀kùn Bàbá Aṣàyàn

Bàbá Aṣàyàn ni gbogbo wa ń pè é, nítorí kì í gé igi kan láìkọ́kọ́ yí i po, kí ó wò ó láti ìdí dé orí. Agégẹdú ni. Nínú igbó tí baba rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, igi líle tí ó tọ́ jù lọ ni ó máa ń mú lọ́dọọdún, ó sì máa ń fi èyí tí ó wọ́ àti èyí tí ó kúrú sílẹ̀. Ó gbà pé ọmọdé ni wọ́n, pé wọn yóò dàgbà rọ́pò àwọn tí ó lọ.

Ìyàwó rẹ̀ kò fara mọ́ ọn.

“Bàbá ọmọ mi, ẹ fi igi rere díẹ̀ sílẹ̀ ṣe ìyá nínú igbó yìí o. Àgbà aràrá lẹ ń pè lọ́mọdé.”

“Ìwọ obìnrin yìí! Ṣé igi náà ń fọ́mọ lọ́mú ni?”

“Ẹ máa fi mí ṣẹ̀fẹ̀. Pósí mi ńkọ́? Igi líle inú igbó wa lẹ ṣèlérí.”

“Ikán á jẹ ẹ́ tì ni!”

Àwọn méjèèjì a bú sẹ́rìn-ín.

Ìyàwó ni ọlọ́jọ́ kọ́kọ́ dé bá. Bàbá Aṣàyàn mú àáké, òun àti ọmọbìnrin rẹ̀ wọ igbó. Igi pọ̀ níbẹ̀ bí eṣú. Ṣùgbọ́n oòrùn tí ó wọlé níbi tí àwọn ńlá ti ṣubú ti mú kí igi rírọ̀ hù, èyí tí ń fi ìkánjú ga, tí kì í di ìṣó mú pẹ́. Òjìji wọn kò jẹ́ kí èso igi líle hù. Ìwọ̀nba igi líle tí ó kù, àwọn tí ó ti kọ̀ ní ìgbà èwe rẹ̀ ni.

“Bàbá, èyí ńkọ́?”

“Pákó kan ò lè jáde lára rẹ̀. Bí mo ṣe fi í sílẹ̀ nígbà tí irun mi dúdú náà ló ṣe wà. Òótọ́ ni ìyá yín sọ.”

“Ẹ jẹ́ ká ra pákó.”

“Igbó wa ni mo fi ṣèlérí.”

Ó délé, ó jókòó síwájú ilẹ̀kùn yàrá òun àti ìyàwó rẹ̀. Igi líle inú igbó náà ni ó fi kàn án nígbà tí wọ́n fẹ́ ṣe ìgbéyàwó. Ó dìde, ó tú u.

Ilẹ̀kùn náà kò tó ju ìdérí pósí lọ. Igi rírọ̀ ni ó fi kan ìsàlẹ̀ àti ẹ̀gbẹ́ pósí. Ọmọbìnrin rẹ̀ rí ojú ibì kan tí ó ń dán lára pákó ilẹ̀kùn náà, níbi tí àtẹ́lẹwọ́ ìyá rẹ̀ ti ń tì í láti ọjọ́ ìyàwó.

“Ṣé kí n fá a?”

“Má fọwọ́ kàn án.”

Ó kọ ojú ibẹ̀ sínú, sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀, kí ó tó kan ìṣó.

“Ìdérí nìkan ni mo rí mú ṣẹ o, ìyá ọmọ mi.”