Fláàṣì Tí Màmá He ní Gáréèjì

Òórùn kòkó tí wọ́n sá sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì ló máa ń kọ́kọ́ wá sí mi nímú bí mo bá rántí ọ́fíìsì wa ní Odigbo, níbi tí ìjọba gbé mi lọ láti Àkúrẹ́. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi orúkọ àti fọ́tò àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ tó fẹ́ ṣe ìdánwò àtiwọ girama sínú kọ̀ǹpútà. Oṣù díẹ̀ péré ni mo fi kọ́ kọ̀ǹpútà, síbẹ̀ mo gbà pé kò sí àìsàn tó lè ṣe é tí mi ò ní mọ̀. Bí ó bá pẹ́ kó tó tàn, màá gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, màá wá wo ojú àwọn ẹlẹgbẹ́ mi bíi dókítà.

Lọ́jọ́ tí mò ń sọ yìí, iléèwé Omifunfun nìkan ló kù tí a ò tíì fi ránṣẹ́ sí Àkúrẹ́, ìforúkọsílẹ̀ sì máa parí lọ́jọ́ kejì. Ọ̀gá wa, obìnrin onígbàgbọ́ tí gbogbo wa ń pè ní Màmá, wọlé pẹ̀lú fláàṣì kan, irin kékeré tí wọ́n máa ń kó iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sí, tó dì sínú aṣọ ìnujú. Gáréèjì Ore ló ti he é bó ṣe ń sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀. Ó ní ẹni tó sọ ọ́ nù á ti máa sunkún níbi tó wà, pé òun máa ní kí Pásítọ̀ kéde rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo wa la sì mọ̀ pé ẹni tó he ohun olóhun kì í sọ bó ṣe rí fáyé gbọ́. Ẹni tó bá ní òun ló ni ín ni yóò ṣàpèjúwe rẹ̀. Fláàṣì ńkọ́, tí gbogbo wọn jọra?

“Fi í sí kọ̀ǹpútà,” Màmá sọ fún mi. “Báwo la ṣe máa mọ olóhun bí a ò bá wo inú ẹ̀?”

Mo ti fláàṣì náà bọ ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà.

Fódà kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́, kò ṣí. Mo tún un tẹ̀. Ojú kọ̀ǹpútà ṣú, ó tún mọ́. Mo ní ooru ló fà á, mo gbé fáànù kọjú sí i. Nígbà tí mo padà sídìí iṣẹ́ mi, fódà tí mo kọ orúkọ Omifunfun sí ṣì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọfà kékeré kan ti yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo sì tẹ̀ ẹ́ títí, kò sí ọmọ kankan nínú rẹ̀. Orúkọ wà, àwọn ọmọ ò sí. Orí mi dàrú. Mo fi fláàṣì ọ́fíìsì kó o lọ sórí kọ̀ǹpútà kejì, bóyá á ṣí níbẹ̀, ni ìyẹn náà bá bẹ̀rẹ̀ sí í yọ ọfà. Báyìí ni dókítà ṣe fọwọ́ ara rẹ̀ kó àrùn ran aláìsàn kejì.

Ọkùnrin tó ń tún kọ̀ǹpútà ṣe ní Ore wá wò ó, ó mi orí. Ó ní kòkòrò ló wà nínú fláàṣì náà, òun ò sì lè rí àwọn ọmọ yẹn gbà padà.

“Kòkòrò wo ló ń gbé inú irin?” Màmá bi í.

“Èèyàn ló ń ṣe é, Màmá, láti fi ba iṣẹ́ inú kọ̀ǹpútà jẹ́. Àwọn mìíràn á mọ̀ọ́mọ̀ jù ú sílẹ̀, kí ẹni tó bá he é lè fi sí kọ̀ǹpútà.”

Màmá jókòó. Ó ní, “Ṣé torí pé mo fẹ́ dá ohun olóhun padà ni?”

Láti kékeré ni wọ́n ti ń sọ fún wa pé oore kì í gbé, ó wá ku ibi tí tiwa gbà.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, èmi àti Màmá gun ọ̀kadà lọ sí Omifunfun. Ọ̀gá iléèwé pàdé wa lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, “Ṣebí ẹ ti ya fọ́tò wọn?” Màmá ní, “A tún fẹ́ yà wọ́n ni, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú.” A ta aṣọ funfun sára ògiri, mo ń fi fóònù mi ya àwọn ọmọ náà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọmọbìnrin kan ni kò sí níbẹ̀. Ìyá rẹ̀ ti mú un lọ sí Benin. Màmá wọ ilé dé ilé, bóyá wọ́n á rí fọ́tò rẹ̀ kan, èyí tí wọ́n yà nígbà tó ṣì ń rákò nìkan ni wọ́n rí. A fi orúkọ àwọn yòókù ránṣẹ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọ yẹn fi odidi ọdún kan jókòó sílé, ó sì dùn mí títí di òní.

Wọ́n kéde fláàṣì náà ní ṣọ́ọ̀ṣì, ẹnikẹ́ni ò yọjú. Mi ò mọ̀ bóyá ìkà kan ló jù ú sílẹ̀, tàbí ẹnì kan tí òun náà kó kòkòrò yẹn láìmọ̀ ló sọ ọ́ nù tó sì ń sunkún lóòótọ́.

Mo ti dàgbà báyìí, èmi gan-an ló ń kìlọ̀ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé kí wọ́n má gbé fláàṣì ìta wọlé. Lẹ́nu àìpẹ́ yìí, mo sọ̀kalẹ̀ ní gáréèjì Ore, mo rí ọ̀kan nílẹ̀ lẹ́bàá àwọn oníbúrẹ́dì. Mo dúró tì í. Mi ò lè he é, ẹsẹ̀ mi ò sì gbà kí n kọjá. Ọmọbìnrin kan bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó mú un.

“Bàbá, ṣé tiyín ni?”

Mo ní kì í ṣe tèmi, pé kó má fi í sí kọ̀ǹpútà kankan. Ó wò mí bí ẹni pé mi ò láàánú lójú.

“Báwo la ṣe máa wá mọ olóhun, sà?”

Mo sọ ti ọmọ Omifunfun fún un. Ó fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán, ó ní, “Tó bá wá jẹ́ pé iṣẹ́ odidi ọdún kan ẹlòmíì ló wà nínú ẹ̀ ńkọ́?” Àwa méjèèjì dúró síbẹ̀, à ń wo fláàṣì náà ní àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀.